Eyín Kẹrìnlélógójì

Ọkùnrin tó tẹ dùùrù nínú orin kẹsàn-án, èyí tí gbogbo ìlú ń sunkún sí, kò mọ orin kankan tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, tìbínú-tìbínú ló sì fi sọ ọ́. Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́, nítorí kò sí ohùn tó kéré jù fún etí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ohùn dùùrù ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì yọjú wo inú dùùrù rí, ẹ ti pàdánù! Okùn irin ló kún ibẹ̀, wọ́n lé ní igba. Eyín kan téèyàn bá tẹ̀ níwájú, okùn mẹ́ta ló sábà máa ń dá a lóhùn nínú. Bí ooru bá mú, bí òjò bá rọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn bí orogún. Elétí-Ehoro á ki sípánà kékeré bọ ibi tí wọ́n so okùn náà mọ́, á yí i díẹ̀, á tẹ eyín, á gbọ́, á tún yí i, títí ìjà á fi parí. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè é padà rí pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa.

Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan pè é pé kó wá kan ẹsẹ̀ dùùrù tó yẹ̀. Ó kàn án tán, ó ní, "Ara ẹsẹ̀ ti yá, orí ló kù tó ń ṣàìsàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tọ́jú orí náà. Bó ṣe fi iṣẹ́ igi sílẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, sọ fún mi pé ìyà ni kéèyàn fẹ́ irú etí bẹ́ẹ̀. "Bí mo bá pariwo mọ́ ọn, á ní ohùn mi ti fi díẹ̀ lọ sókè jù. Ta ló tún lè jà lẹ́yìn ìyẹn?"

Ẹgbẹ́ jáàsì ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan wà nílùú wa: Ọ̀gá ló ń tẹ dùùrù, èkejì ń ta béèsì, ẹ̀kẹta ń lu ìlù. Ogún ọdún ni wọ́n fi gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò kan náà. Ọ̀gá kì í sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa rojọ́ bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀, kó o tó ṣẹ́jú, orin ti gbéra, irú orin téèyàn ò ní gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì láyé! Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òfin sítúdíò pé bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kí téèpù máa yí títí wọ́n á fi tì í. Aago méje ni Elétí-Ehoro máa ń wá tún dùùrù ṣe, aago mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ máa ń dé. Gbogbo àárọ̀ tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pátá ló wà nínú téèpù. Kò sẹ́ni tó ro tiẹ̀.

Kó tó fọwọ́ kan okùn kankan, á kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn. Ohun tó ń pè é nìyẹn. Á máa tẹ eyín láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè mọ èyí tára rẹ̀ ò yá. Lọ́jọ́ kan báyìí, òjò ti fi odindi ọ̀sẹ̀ rọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn dé eyín kẹrìnlélógójì, ó bá a tó ti dẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kànlá kó lè mọ okùn tó jẹ̀bi. Ó wá awò ojú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kò rí i; orí rẹ̀ ló wà. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbì! sórí pákó. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tún eyín náà ṣe, ó ṣe é re, ó palẹ̀ mọ́. Aago mẹ́sàn-án lù, ẹnikẹ́ni ò wá. Ọ̀gá ti dèrò ọsibítù láti ìrọ̀lẹ́ àná ọjọ́ náà, kò sì jáde níbẹ̀ láàyè mọ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àwo wọn ní àwọn máa kó orin tó ṣẹ́kù nínú téèpù jọ, àwọn á fi ṣe àwo ìkẹyìn. Orin mẹ́jọ ni wọ́n rí. Orin gidi ni o! Ìkẹta nínú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo dìde dúró nínú yàrá mi bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ṣùgbọ́n páálí àwo ti dé láti ilé ìtẹ̀wé, "orin mẹ́sàn-án" ló sì wà lára rẹ̀, gàdàgbà. Ṣé wọ́n á wá sọ páálí di òpùrọ́ ni? Máníjà ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n padà sínú téèpù. Wọ́n padà, wọ́n bá èyí tó kẹ́yìn pátápátá: dùùrù nìkan, kò sí béèsì, kò sí ìlù. Wọ́n gé e láti orí àtẹ̀gùn dé ibi tó ti mí kanlẹ̀. Ibi tó ti tún eyín ṣe, wọ́n ní ó ti gùn jù. Ìyẹn ni pé wọ́n ya fọ́tò aláìsàn, wọ́n lé dókítà jáde. Wọ́n wá pe orin náà ní "Ìdágbére Ọ̀gá".

Ilé onígbàjámọ̀ ni Elétí-Ehoro ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀ nígbà tó fò dìde.

"Sípánà mi nìyẹn!"

"Sípánà wo, Bàbá?" onígbàjámọ̀ bi í.

"Èyí tó já bọ́ yẹn! Gbì!"

"Ìwé ìròyìn ti ṣàlàyé ẹ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ ikú ló ń wọlé yẹn. Ẹ jókòó, kí n má lọ gé yín létí."

"Ikú wo ló ń fi sípánà rìn? Àbí o ò gbọ́ bí mo ṣe mí ni?"

"Ọ̀gá ló mí. Ìyàwó mi sunkún débi pé kò lè jẹun lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún wa."

Ó gbé orí tí wọ́n fá dé ìdajì jáde.

Òótọ́ ni, ìwé ìròyìn ti ṣàlàyé ẹ̀. Ẹni tó ń kọ nípa orin níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ àárín orin náà ni ti ẹni tó ń wo òdìkejì odò. Awò ojú ni bàbá ń wá o! Ó tún ní eyín tó ké nígbà mọ́kànlá yẹn ni "ohùn ìbànújẹ́", ohùn tí kò sí nínú dùùrù tó dá pé kankan láyé. Ìyẹn nìkan ló sọ tó jóòótọ́.

Ẹ má rò pé ìyìn ni Elétí-Ehoro ń wá. "Kí wọ́n gbé orin náà fún Ọ̀gá, mo fi ta á lọ́rẹ," ó wí fún mi. "Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé èmi ni mò ń tún dùùrù yẹn ṣe. Wọ́n ti gbé eyín tó dẹ̀ sínú àwo. Iṣẹ́ ta ni wọ́n á ní ó jẹ́?"

Ó lọ bá Máníjà ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń hùn lóhùn tí kò bára mu, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ bí i nínú.

"Bàbá, Ọ̀gá ló tẹ̀ ẹ́," Máníjà wí.

"Ọ̀gá wà lọ́sibítù lọ́jọ́ náà."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Máníjà fò sókè. "Ó yọ́ jáde lọ́sibítù! Ẹ ò rí ìfẹ́ orin?" Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ta ló rí i nígbà tó ń yọ́ jáde?"

"Ta ló ní òun rí i pé kò yọ́ jáde?"

Kí oṣù tó parí, ó ti wà lẹ́yìn páálí tuntun pé Ọ̀gá fi ibùsùn àìsàn sílẹ̀ ní kùtùkùtù, ó rin nínú òjò lọ sí sítúdíò. Oní-béèsì náà lọ sọ pé kì í ṣe ọwọ́ Ọ̀gá ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló di í létí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn. Èyí tó wọ mọ́tò ńkọ́?

Àwọn tó ní dùùrù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. "Ẹ bá wa fi ohùn ìbànújẹ́ sí i." Ó kọ̀ fún àkọ́kọ́, ó kọ̀ fún ìkejì. Wọ́n lọ pe ọkùnrin kan tó ń fi pílásì, irin tí wọ́n fi ń já wáyà, ṣe é. Pílásì! Nígbà tó dé ibi pílásì yìí nínú ìtàn, bàbá ní láti mu omi.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí Ọ̀gá ní gbọ̀ngàn ńlá. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló máa tẹ dùùrù, oní-béèsì àti onílù á bá a ṣe é. Dùùrù gbọ̀ngàn yìí, ojú Elétí-Ehoro ni wọ́n ṣe tú u jáde nínú àpótí, ọdún mẹ́tàdínlógún sì nìyẹn tó jẹ́ òun nìkan ló ń fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Máníjà wá bá a nílé.

"Bàbá, eyín kẹrìnlélógójì. Ẹ bá wa bà á jẹ́ díẹ̀."

"Mi ò bà á jẹ́."

"Onípílásì á bà á jẹ́ nígbà náà. Ẹ fún mi lésì dọ̀la." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Bàbá Ìbejì, ẹ gba iṣẹ́ náà."

"Kí n lọ fi ọwọ́ ara mi ba dùùrù jẹ́?"

"Mo ní kẹ́ ẹ gbà á kí pílásì má baà débẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe tẹ́ ẹ bá dé ìdí ẹ̀, kò kan Máníjà. Ṣé etí ẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ ni?"

Ó lọ. Ó sọ fún mi pé òun ò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe nígbà tí òun ki sípánà bọ̀ ọ́. Ó dẹ okùn náà díẹ̀ báyìí, ó tẹ eyín, ó dà bí ìgbà téèyàn gbá ọmọ ẹ̀ létí láìnídìí. Ó yí i padà kíá. Ó tún un ṣe ju bó ṣe bá a lọ.

Máníjà yọjú. "Ṣé ó ti bàjẹ́ dáadáa?"

"Ó ti wà bó ṣe yẹ kó wà."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Ìlà kẹta ni mo wà. Ọ̀dọ́kùnrin náà gun àtẹ̀gùn, ó dé eyín kẹrìnlélógójì, ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kànlá. Ohùn náà mọ́ bí omi inú ìgò. Ẹkún sọ! Obìnrin tó wà níwájú mi di orí mú. Èmi náà sunkún, ẹ má bi mí. Oní-béèsì nìkan ló gbórí sókè nígbà àkọ́kọ́ tó dún, ó wo ẹ̀gbẹ́ pèpéle níbi tí Elétí-Ehoro dúró sí, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn ní ohùn ìbànújẹ́ náà ju ti inú àwo lọ.

Máníjà sáré wá. "Bàbá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bà jẹ́ bíi tiyín. A máa gbé e káàkiri gbọ̀ngàn méjìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é sílẹ̀ fún wa."

Bàbá gba bírò, ó kọ ọ́: *Yí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí wọn ò fi ní bá ara wọn jà mọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo eyín tó kù.* Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó ń dán, wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n pín in kiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtẹ́ẹ̀lì kan pè é. Kí ó tó ṣí àpò irinṣẹ́, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ti na ìwé náà sí i. "Bàbá, ohùn ìbànújẹ́ la fẹ́, ojúlówó. Ohun tó wà níbí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o. Ẹ má fi ọgbọ́n tara yín kún un."

Ó fi awò sójú, ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti gbọ́," ó wí, ó bá ṣí dùùrù.