Itọ́ Màmá Aláṣọ

Ní ilé ìwòsàn eyín tí mo wà ní Doornfontein, àdúgbò kan nílẹ̀ òkèèrè, èmi ni mo ń gba itọ́ àti omi ìdí eyín lọ́wọ́ àwọn tí erìgì wọn ń wú. Ohun tí a bá rí nínú rẹ̀ ló máa ń sọ fún wa bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Màmá kan wà tí wọ́n ń ta aṣọ nígboro, ará Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a ti ń tọ́jú wọn, èsì itọ́ wọn dára gan-an. Mo pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá wo èsì náà níwájú màmá.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé àwọn eyín iwájú mi tó ń mì yìí máa dúró nìyẹn?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti bàjẹ́ kí ẹ tó wá. Mẹ́rin la máa yọ lónìí."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ẹ ò bi mí, mà."

Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí mo bá sọ, wọn ò ní padà wá, itọ́ wọn ni mo sì nílò fún ìwádìí mi.

Mo na ìgò kékeré sí wọn kí a tó yọ eyín náà. Wọ́n tutọ́ sí i, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.