Ọlọ́wọ́ Òsì Tó Fi Atlanta Sí Òdo

Ìgbà tí mo kéré, tí à ń gbé ní Stone Mountain lẹ́bàá Atlanta, ọ̀sán ọjọ́ kan ni bésíbọ́ọ̀lù gbé mi lọ́kàn lọ. Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan, ọlọ́wọ́ òsì, ju bọ́ọ̀lù kan tó ń bọ̀ ní ọ̀gangan èjìká, àfi bó ṣe já wálẹ̀ sí orúnkún. Ẹni tó mú igi láti gbá a kàn gbá afẹ́fẹ́, ó sì kúnlẹ̀. Mo dìde dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ọlọ́wọ́ òsì lèmi náà, Dádì sì kórìíra ọwọ́ yẹn. Tí mo bá fi mú pẹ́ńsùlù, á gbá a dànù. "Ọwọ́ ìdọ̀tí," ló ń pè é.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi bí ìka ṣe ń jókòó lórí ojú rírán bọ́ọ̀lù, àti ìgbà tí ọrùn ọwọ́ ń yí.

Nígbà tí ọlọ́wọ́ òsì mi wá bá Atlanta ṣeré, wọ́n fún Dádì ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì níbi iṣẹ́. Nínú mọ́tò, mo sọ pé ẹ̀yìn ẹgbẹ́ àlejò ni mo wà.

"Ìlú tó ń bọ́ ẹ, òun lo fẹ́ kí wọ́n lù? Ọ̀dàlẹ̀."

Ó ní tí Atlanta bá rí ayò kan péré lára ọkùnrin náà, mi ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan mọ́ láyé.

"Tí wọn ò bá rí ńkọ́, Dádì?"

"Máa kọ ọ́ bó o ṣe fẹ́. Wọ́n á rí i."

Abala mẹ́sàn-án ni eré náà. Àlejò rí ayò kan ní abala kẹta, Atlanta ò rí nǹkan kan. Gbogbo pápá ń hó lé ọkùnrin náà lórí. Dádì, díákónì ìjọ wa, na ìka sí i. "Ọwọ́ yẹn á rọ, lórúkọ Jésù."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún un."

"Àdúrà ni mò ń gbà. Wo iwájú ẹ."

Ní abala kẹsàn-án, ẹni méjì nínú Atlanta ti jáde, ó ku ẹnì kan kí eré parí, ṣùgbọ́n ará Atlanta kan ti dé ibùdó kẹta, èyí tó kẹ́yìn kó tó wọlé láti rí ayò. Kóòṣì àlejò jáde wá láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ òsì mi, kí ẹlòmíràn lè máa jù ú. Ọlọ́wọ́ òsì mi fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sẹ́yìn. Wọ́n wo ara wọn títí. Kóòṣì padà.

"Olórí kunkun," ni Dádì wí. "Bíi tìẹ gẹ́lẹ́."

Bọ́ọ̀lù èjìká yẹn tún bọ̀. Ó já wálẹ̀. Igi gbá afẹ́fẹ́, eré sì parí.

Nígbà tí a délé, Dádì ju pẹ́ńsùlù sórí tábìlì, lápá òsì mi. "Máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá fi ọwọ́ yẹn gbé oúnjẹ fún mi, wàá rí mi."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, wọ́n ti ba eré náà jẹ́ fún yín. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ti làágùn díẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á yọ ọ́ ní abala kẹfà, òun náà á sì na bọ́ọ̀lù fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkà ni mo kà á sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin ni Atlanta lò láti fi ẹgbẹ́ kan sí òdo, kò sì sí ẹni tó lè ní òun ló ni ín.

Dádì pè mí láti Jonesboro, níbi tó ń gbé báyìí. Ó ti darúgbó, ohùn rẹ̀ ṣì le. "Atlanta mi ti ṣe é. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ọwọ́ wo ni kí n fi kọ ọ́, Dádì?"

Ó gé fóònù mọ́ mi létí. Mo fi ọwọ́ òsì kọ ti ọlọ́wọ́ òsì mi sílẹ̀: ayò kan sí òdo.