Ọgbà Etí Òkun Tí Wọn Kì Í Dárúkọ Nílé

Kọ́tìnì ni obìnrin yìí ń rán jẹun, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Oníkọ́tìnì. Bí ó bá rán ìlà kan tí kò tọ́, a tú u palẹ̀, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iwájú fèrèsé pálọ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í ti í tètè lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń ṣẹ́ etí kọ́tìnì nígbà tí ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní kíṣìnnì. Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ti dé tán, wọ́n sì ń wá ibi tí gbogbo ẹbí yóò ṣeré lọ.

"Ibi àpáta yẹn náà ló dáa," ni àkọ́bí rẹ̀ wí, obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. "Ó tutù, ààyè ìgbọ́kọ̀sí sì pọ̀ níbẹ̀."

"Àǹtí mi, àpáta lẹ́ẹ̀kẹta? Àbí ẹ fẹ́ fi ṣe ọkọ ni?" Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, àbíkẹ́yìn tí ó ń tún fíríìjì ṣe. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọgbà etí òkun."

"Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé o fẹ́ ṣí ojú egbò Màmá ni?"

Ẹsẹ̀ Ìyá Oníkọ́tìnì dúró lórí ẹ̀rọ.

Ọgbà tí wọ́n ń sọ yìí, ìjọba ni ó yà á sọ́tọ̀ fún igi, ẹyẹ àti ìjàpá inú òkun. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ ojú omi fún àwọn àlejò, títí àìsàn fi mú un lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, gbogbo ìsinmi ni wọ́n ń lọ bá a níbẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tí yanrìn kì í tán nílẹ̀ rẹ̀, bí ó ti wù kí èèyàn gbá a tó. Láàárọ̀, ọkùnrin náà a bọ́ bàtà, a so okùn rẹ̀ pọ̀, a fi kọ́ ọrùn, àwọn ọmọ a sì ṣe bíi tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, a máa kùn nítorí yanrìn, inú rẹ̀ a sì máa dùn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, kò sẹ́ni tí ó dárúkọ òkun nílé mọ́. Bí òkun bá yọjú lórí tẹlifíṣàn, àbíkẹ́yìn a yára yí i sí ìròyìn. Ìyá rò pé ọmọ òun fẹ́ràn ìròyìn ni. Bí ọ̀rọ̀ bàbá wọn bá sì dé ẹnu òun náà, tí ó rí i pé ojú àwọn ọmọ yí padà, a gbé e mì. Ó ti gbà pé kò wù wọ́n láti rántí. Ìyẹn ni ó ń dùn ún jù, nítorí pé láìpẹ́ yìí ni ó wá ohùn ọkùnrin náà lọ́kàn rẹ̀ tì. Ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohùn ni kò rí. Bí kò bá rí ẹni bá a sọ ọ́, ìyókù náà yóò lọ.

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Egbò ta lẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀?"

"Màmá, a ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́ ni," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ ò fẹ́ bà mí nínú jẹ́, ẹ wá ń fi ìròyìn da etí mi láàmú. Mo ti mọ orúkọ gbogbo mínísítà tán nítorí òkun."

Àbíkẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi gan-an kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Mo fẹ́ lọ," ni ìyá wọn wí. "Orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, n ò mọ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ó ti pe àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. "Màmá, yàrá yẹn ò sí mọ́. Omi ti jẹ ilẹ̀ débẹ̀. Inú àgọ́ làwọn àlejò ń sùn báyìí."

Ìyá ṣa òwú kan kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wó òun náà?"

"Òkun wà, Màmá."

"Ó tán nìyẹn."

Wọ́n jókòó ti tábìlì. Ọkọ̀ àbíkẹ́yìn ni wọn yóò gbé, bí ó bá lè kó irin fíríìjì tí ó kún ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè jí, nítorí ọkọ̀ ojú omi kì í gbéra mọ́ bí omi bá ti fà sẹ́yìn. Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí ọmọ nọ́ọ̀sì fi wọlé, ọmọdébìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ ojú omi náà?"

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ife tíì bí ẹni tí ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà. Àbíkẹ́yìn ni ó dáhùn.

"Bàbá wa ló ń wà á tẹ́lẹ̀. Tó bá fẹ́ gúnlẹ̀, á máa súfèé."

"Irọ́ lò ń pa," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì gbàgbé ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. "Orin ló máa ń kọ."

"Súfèé ni, Àǹtí mi. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń jókòó sí."

"Orin ni. Kò tiẹ̀ dùn rárá."

Ìyá Oníkọ́tìnì ń wo ẹnu wọn. Kò tíì gbọ́ irú ìjà yìí nínú ilé náà láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Orin ni," ni ó wí. "Ìlà kan ṣoṣo ló mọ̀ níbẹ̀. Á máa kùn hùn-ùn hùn-ùn parí ìyókù."

Ìbéèrè ní kí Màmá àgbà kọ ọ́ kí òun gbọ́. Ìyá Oníkọ́tìnì la ẹnu láti kọ ìlà kan ṣoṣo náà fún un, ohùn ọkọ rẹ̀ sì ṣáájú tirẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ó há díẹ̀, bí ó ti máa ń há láàárọ̀ kí ó tó mu tíì.