Jíà Kejì Níwájú Mọ́sáláṣí

Igbe tí jíà ọkọ̀ bàbá mi ké láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mú un kúrò ní ẹ̀kẹta bọ́ sí èkejì, le débi pé ajá mẹ́ta jáde láti ẹnu géètì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní òpópó wa ní Fẹ́sítáàkì. Ó dún bí ìgbà tí ṣíbí bá já sínú ẹ̀rọ ìlọta. Ọkọ̀ ìjàpá ni, aláwọ̀ ewé, èyí tí bàbá mi rà kí wọ́n tó bí mi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbé àga síta láti wá wò mí. Ó fi ọwọ́ di etí. Mo ń wò ó nínú dígí. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀sùn mi bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo purọ́ mọ́ èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí bàbá wa kọ́ ọ ní ọkọ̀ yìí. Nígbà tí èmi náà pé mẹ́rìndínlógún, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ìwé. Mo gbájú mọ́ ọn, mo gboyè ní yunifásítì, mo padà wá bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọtomátíìkì ló bá obìnrin mu. Mo bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan lápá Àmùwò. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń gbé jíà lọ sókè, láti èkíní dé ẹ̀kẹrin. Wọn ò kọ́ mi bí a ṣe ń mú un sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, fọ́tò mi wà lára rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi dá a: ta ló ń kọ́ èèyàn ní ọ̀pẹ gígùn tí kò ní kọ́ ọ bó ṣe máa bọ́ sílẹ̀?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ojú bàbá mi ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti ní kí wọ́n má wakọ̀ mọ́. Kíá, ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Tréèdì Féà sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n wá wọ́ ìjàpá náà lọ, kí wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́. Kò bi mí. Mo jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀hónú olójú ewé méjì sí bàbá mi, mo fi nọ́ńbà sí i láti oókan dé ẹẹ́fà. Ẹẹ́ta tilẹ̀ pín sí méjì. Bàbá mi gbé dígí tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà.

"Ìwé gígùn báyìí," ni wọ́n wí, "o ò kọ ọjọ́ tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, títí bàbá wa fi là á fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn máa fi kọ́ mi. Ní Jímọ̀ kẹta, èmi ni màá gbé àwọn lọ sí mọ́sáláṣí. Bí jíà bá ké lójú ọ̀nà, kí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ lọ. Bí kò bá ké, ó di tèmi.

"Tó bá ké ẹ̀ẹ̀kan péré ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni mò ń sọ."

Òpópó Fẹ́sítáàkì tẹ́jú, ṣùgbọ́n bọ́ńpù pọ̀ níbẹ̀ bí eyín lẹ́nu ọ̀ọ̀nì. Bọ́ńpù kan, jíà kan. Igbe kan, ajá mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ní kí n dúró.

"Ẹni tó fẹ́ fò sínú ọkọ̀ tó ti ń lọ, kí ló kọ́kọ́ ń ṣe?"

"Ó máa ń sáré ni."

"Tí ò bá sáré?"

"Á fẹnu gbálẹ̀."

"Ohun tó ń ṣe jíà ẹ nìyẹn. O ò jẹ́ kó sáré kó o tó ní kó fò."

Wọ́n wá kọ́ mi: tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mú jíà bọ́ sáàárín níbi tí kò ti di nǹkan kan mú, gbẹ́sẹ̀ kúrò, tẹ iná díẹ̀ kí ohùn ẹ́ńjìnnì lè ga, tún kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀, kó o wá rọra tì í sí èkejì. Ohun tí a bá fẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹsẹ̀ mi ń fò sókè fò sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹsàn-án, nǹkan kan ṣẹlẹ̀: mo tì í, kò ké. Ó kàn wọlé. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó fara balẹ̀, ó gun bọ́ńpù bí ìyàwó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, n ò lè dá a dúró. Mo yí òpópó náà ká nígbà mọ́kànlá nítorí jíà kejì nìkan. Àlájà tó ń ta próvísọ̀n níwájú ilé wa dìde lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo sọ nù?"

"Àlájà, mo rí i ni."

Ibẹ̀ ni wàhálà tuntun ti yọjú. Ọwọ́ òsì mi wà lórí sítíárì, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí jíà. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi sì kún gbogbo òpópó. Bí mo bá ti mú jíà dé àárín báyìí, àgbàlagbà kan á yọ, ọwọ́ ọ̀tún mi á sì fò sókè láti kí i kí n tó mọ̀. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré, mi ò lè ṣe aláìkí wọn. Tí mo bá fi máa dá ọwọ́ padà, ohùn ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀, jíà á sì ké. Mo gbìyànjú láti fi ẹnu kí wọn, ariwo ẹ́ńjìnnì gbé e mì. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, ọ̀rọ̀ ti délé kí n tó délé pé ìwé ti gun ọmọ Alájì lórí. Mo wá ṣe àṣìṣe ńlá, mo fi ọwọ́ òsì kí ọ̀kan nínú wọn. Bàbá náà dúró lójú kan, ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé mo na ejò sí i, ó sì tẹ̀lé ọkọ̀ wá sílé láti wá fẹjọ́ sùn.

"Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ wà ni, àbí èèyàn lo fẹ́ máa kí?" ni Àlájà bi mí.

"Àlájà, ẹ̀yin náà wà lára àwọn tí mò ń kí."

"Mo ti dáhùn ìkíni ẹ títí di ọdún tó ń bọ̀. Wojú ọ̀nà."

Ọjọ́ Jímọ̀ kẹta kò, bàbá mi wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn bí ẹlẹ́rìí, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Bọ́ńpù mẹ́fà ni a gun, kò sí igbe kankan. Èkeje ló wà níwájú mọ́sáláṣí gan-an, àwọn àgbàlagbà mẹ́jọ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá, kẹ́tùlù lọ́wọ́ olúkúlùkù. Gbogbo wọn gbójú sókè. Bàbá tí mo fi ọwọ́ òsì kí wà láàárín wọn. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo mú jíà dé àárín, ọwọ́ ọ̀tún mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi láti fò.

Bàbá mi ò wojú mi. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún tiwọn síta láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ mi ń kí yín o. Ọwọ́ ẹ̀ ò ráyè ni."

Mo tẹ iná, mo tún kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀. Jíà kejì wọlé bí òkèlè iyán tó rí ọbẹ̀.

"Kò kí àgbà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ bá a kí wọn."

"Jíà ni mo ní kó má ké. Ta ló bá ẹ sọ ti ìkíni?"

Mo pa ọkọ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níkọ̀ọ̀kan. Inú mi ń dùn débi pé mo kí ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti ṣe díẹ̀. Ojú bàbá mi ti ṣú ju ti ìgbà náà lọ. Síbẹ̀, ní gbogbo Jímọ̀, bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà lẹ́ẹ̀keje, wọ́n á mọ̀ pé a ti dé iwájú mọ́sáláṣí, wọ́n á sì na ọwọ́ síta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tètè lọ. Kò tíì sí ẹnì kankan níwájú mọ́sáláṣí, àfi àga onírọ́bà kan àti òpó iná. Bàbá mi na ọwọ́ síta.

"Ọmọ mi ń kí yín o."

Mo ti jíà sí èkejì jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ń dá wa lóhùn, Bàbá," ni mo wí.