Àwọn Ẹṣin Tí Kò Gbégbá Orókè

Òórùn àkàrà ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé nílé wa ní Lithonia lókè òkun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti jí kí epo tó gbóná. Inú ń bí mi. Mo ti sáré ìje nílé ìwé lọ́jọ́ Fráìdé, ipò karùn-ún ni mo ṣe, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa sì pè mí ní "also-ran", ẹni tó kàn sáré lásán, lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo pinnu pé n kò ní sáré mọ́ láéláé.

Òfin ilé wa ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dùn gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti ṣẹ̀ kó tó sunkún. Tísà ni bàbá mi tẹ́lẹ̀ n'Íbàdàn. Níbí, páálí ló ń gbé nílé ìkẹ́rùsí kan ní Union City. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò àwọn tísà. Ìwé tí wọ́n fi pè é nígbà kẹta wà lára fíríìjì, kò fọwọ́ kàn án.

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ," ló wí, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè fún mi.

Mo kà á sókè pẹ̀lú ìbínú. Ibi eré ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìwé ìròyìn á tẹ orúkọ ẹṣin mẹ́ta tó gbégbá orókè, á wá kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé àwọn wọ̀nyí náà sáré, kó tó to orúkọ àwọn yòókù.

"Àwọn ẹṣin tí kò kúrò nílé ńkọ́?"

"Wọn ò sí nínú list yẹn, Daddy."

"Ṣé o rí i? Monday, wàá lọ practice."

Mo wo fíríìjì. "Exam tiyín náà ńkọ́, Daddy?"

Ìyá mi tó ń dín àkàrà yí padà tòun ti ṣíbí. "Bísí! Ṣé bàbá ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ló fi mú mi." Ó já ìwé náà kúrò lára fíríìjì.

Ipò kẹfà ni mo ṣe nínú ìje tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi náà tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀. Ó ní, "Bísí, èmi náà sáré o," ó sì ní kí wọ́n fún òun ní àkàrà. Kò di tísà níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì, n kò sì rí i kó tijú rí.

Mo ti lé lógójì báyìí. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì, ìwé ìpè kejì sì ti wà lára fíríìjì tèmi láti oṣù tó kọjá. Bísí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn láyà jù mí lọ. Lánàá, mo bá ọmọ mi níwájú fíríìjì, ó ń ka ìwé náà. N kò jẹ́ kó bi mí ní nǹkan kan. Mo já a kúrò níbẹ̀, mo sì lọ wá bírò tí n ó fi dá wọn lóhùn.