Bí Ojú Irin Ṣe Fẹ̀ Tó

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìwó ni tọkọtaya òyìnbó kan tó ń gbé inú ọgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí wọ́n ń padà sílùú wọn. Wọ́n pín ohun tí wọn ò lè kó lọ fún àwọn iléèwé. Àwọn kan gba àga, àwọn kan gba ìwé. Iléèwé tiwa gba páálí kan tí ọ̀gá wa rò pé abọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a tú u, ọkọ̀ ojú irin kékeré la bá níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kọ́ọ̀ṣì méjì tí èrò ń jókòó sí, àti ojú irin tí èèyàn lè so pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ títí yóò fi yí po bí òrùka. Ohun tó ń fún un níná ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì náà ò lè rìn mọ́ àfi kí a fọwọ́ tì í.

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. "Mísì, ìwọ lo ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Bàbá rẹ sì ni Bàbá Rélùwéè. Ta ni kí n tún gbé e fún?"

Mo gbé páálí náà relé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tí kò mọ bàbá mi sí Bàbá Rélùwéè. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa ọkọ̀ ẹrù láti Òṣogbo lọ sí Kánò. Á lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á wá lo bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Tó bá ti dé, á gbé mi lé itan, á sọ bí afárá Jẹ́bà ṣe máa ń dún lábẹ́ ọkọ̀, tí omi á sì máa dán nísàlẹ̀. Á sọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń han ènìyàn léèmọ̀ ní Kàdúná. Bí àlejò bá wọlé bá wa, á gbá mi léjìká, á ní, "Àkọ́bí mi nìyí o. Orí rẹ̀ pé." Nígbà tó ní òun ti fẹ̀yìntì, ó ṣì máa ń lọ sí Òṣogbo lóṣooṣù. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ máa ń ṣèpàdé.

Ìwé pélébé kan wà nínú páálí náà. Mo kà á lákàtúnkà kó tó yé mi pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń sọ. Èkíní ni ìdínkù, ìyẹn ni iye ìgbà tí wọ́n fi dín nǹkan kù sí bó ṣe rí lójú ayé. Ìwé náà ní ìlọ́po mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n fi dín gbogbo ohun tó wà nínú páálí kù. Bí mo bá fẹ́ kí kọ́ọ̀ṣì kékeré ọwọ́ mi gùn tó ti gidi, àfi kí n to irú rẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún tẹ̀lé ara wọn. Èkejì ni fífẹ̀ ojú irin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin ọ̀tún àti irin òsì, láti inú dé inú. Èyí ò sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó rárá. Ọkọ̀ ńlá lè rìn lórí irin tóóró. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí o bá fi dín ọkọ̀ kù, òun náà lo gbọ́dọ̀ fi dín ojú irin rẹ̀ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á dà bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ojú irin inú páálí yẹn fẹ̀ díẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ. Ìwé ní ó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀, bí tàwọn òyìnbó ṣe rí nílùú wọn.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo mú irin kan lọ bá bàbá mi níbi tó jókòó sí lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú irin tiwa ṣe fẹ̀ tó?"

"Èwo ni tiwa?"

"Èyí tí ẹ wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé yìí ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀ ni tàwọn òyìnbó."

Ó gba irin náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ṣebí àwọn náà ló ṣe é? Àìmọye ìgbà ni mo ti fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n."

Ó tán. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì sọ fún wọn pé awakọ̀ gidi ló sọ ọ́. A pinnu pé a ó fi pákó àti páálí ṣe tésàn Ìwó, a ó sì tẹ́ ojú irin kékeré náà síwájú rẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí a pe àwọn òbí wá wò ó, kí bàbá mi sì wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bàbá mi gbà kíá. Ó ní òun á wọ agbádá òun tó dáa jù.

Kí n tó lè dín tésàn kù, mo ní láti mọ bí ti gidi ṣe tóbi tó. Mo bẹ bàbá mi kó bá mi lọ. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ní Sátidé kan, mo mú téèpù, mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo wọn ilẹ̀kùn, mo wọn fèrèsé, mo wọn gíga ibi tí èrò máa ń dúró sí. Ọ̀gá tésàn náà, bàbá kan tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bèèrè bóyá mo lè sọ̀ kalẹ̀ wọn ojú irin, ó ní kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí n máa lọ.

Mo na téèpù láti irin kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo rò pé téèpù ká mọ́ra ni. Mo tún nà án. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n níbòmíràn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ náà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ṣé ó ti fẹ̀ jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀ rí ni?"

"Rárá o. Láti Èkó dé Kánò, bákan náà ni. Kò sí òṣìṣẹ́ wa tí kò mọ̀ ọ́n."

"Bàbá mi bá yín ṣiṣẹ́ rí, sà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n sọ fún mi."

Ó bèèrè orúkọ bàbá mi. Mo dá a lóhùn. Ó ronú díẹ̀, ó wá pa àtẹ́wọ́ pọ̀. "Háà! Onípákó! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí mo wà ní Òṣogbo, ọkọ̀ wa ló máa ń wọ̀. Òṣìṣẹ́ wa kọ́, èrò ọkọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ máa ń wá pàdé rẹ̀ ní tésàn. Ṣé ìwọ ni ọmọ obìnrin kékeré ìgbà yẹn?"

"Màmá mi ò dé Òṣogbo rí, sà."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni mo ń rò." Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, kò sì tún jáde títí mo fi lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Mi ò tilẹ̀ kí i.

"Màmá, Bàbá ò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí."

Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé orí ìyókù. "Ta ló rán ọ lọ síbẹ̀?"

"Ẹ mọ̀?"

"Mo wà nínú oyún àbúrò rẹ nígbà tí mo lọ wá a lọ sí tésàn Ìwó níbí. Wọ́n ní àwọn ò lẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú òṣìṣẹ́ àwọn. Mo padà sílé. Mo dáná alẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún wa."

"Kí ni kí n sọ? Gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yín ní Bàbá Rélùwéè. Ẹ̀yin ọmọ ń fò kiri pé òun ló ń wa ọkọ̀. Mo ní kí inú yín ṣáà máa dùn."

Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ bínú sí. Ìyàwó kejì kì í ṣe nǹkan tuntun ní àdúgbò wa. Ilé mélòó ni kò ti sí orogún? Ká ní ó mú obìnrin náà wá sílé lójú gbogbo ayé, ìyá mi ìbá sunkún díẹ̀, ìbá sì fi yàrá hàn án. Ohun tó ń gún mi láyà ni gbogbo alẹ́ tí mo ti jókòó lé itan ọkùnrin yẹn, tí mo ń la ẹnu gbọ́ ìtàn Jẹ́bà, tí ìyá mi sì jókòó nítòsí, tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó ń yọ òkúta lára ìrẹsì.

Mo dúró títí bàbá mi fi ti Òṣogbo dé. Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tí mo sọ ohun tí mo wọ̀n àti ohun tí mo gbọ́.

Ó kọ́kọ́ bínú. "Ṣé èmi lo wá ń tọ pinpin bí ọlọ́pàá? Ìwọ, ọmọ tí mo bí?"

"Bàbá, ẹ sọ pé ọwọ́ ara yín lẹ fi wọ̀n ọ́n."

Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Pákó ni mo ń tà."

"Jẹ́bà ńkọ́?"

"Mo wọ ọkọ̀ kọjá lórí afárá yẹn lẹ́ẹ̀kan."

"Ọmọ mélòó lẹ ní síbẹ̀?"

"Mẹ́ta. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n wọn."

"Ṣé ó jù mí lọ?"

Ó gbé bàtà náà sílẹ̀. "Ó jù ọ́ lọ."

Ó ní baba ìyá mi, tó jẹ́ alùfáà, ti sọ pé kò ní í fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó ti ní ìyàwó nílé. Òun sì dáhùn pé òun ò níyàwó. Alùfáà tún bèèrè iṣẹ́ tí òun ń ṣe, àti pé níbo ni òun máa ń lọ. "Ọkọ̀ ojú irin ni mo bá wá sí Ìwó lọ́jọ́ yẹn," bàbá mi ní. "Rélùwéè ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni mi ò ti ríbi dá a dúró." Ó ní kí n má bínú. Mo dìde. Mi ò sọ pé mo ti gbọ́, mi ò sì sọ pé mi ò gbọ́.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ wà nílẹ̀, mi ò lè fi í sílẹ̀. Mi ò lè fún ojú irin pọ̀ kó dín kù, irin ni. Ohun tí mo lè yí padà ni ìdínkù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ jẹ́ íǹṣì méjìlélógójì. Mo fi fífẹ̀ ojú irin kékeré náà pín in, ó fún mi ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti díẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bí mo bá dín tésàn àti kọ́ọ̀ṣì tiwa kù ní ìlọ́po mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, irin inú páálí á di irin tiwa gẹ́lẹ́. Mo tú gbogbo ohun tí a ti lẹ̀ pọ̀ ká. A gé pákó tuntun, a sì fi ṣe kọ́ọ̀ṣì tiwa. Ẹ́ńjìnnì òyìnbó wá kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀ṣì wa, mo dá a padà sínú páálí, mo ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ òmíràn fún wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omijé mi ń kán sórí gọ́ọ̀mù, tí mo ń purọ́ fún àwọn ọmọ pé òórùn rẹ̀ ló ń ta mí lójú.

Mo ní kí ìyá mi sọ fún bàbá mi pé kó má wá. Ó wá. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ọ̀gá wa sì fi í sí àga iwájú. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó sì sọ ti afárá Jẹ́bà, bó ṣe ń dún, bí omi ṣe ń dán nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tó máa ń sọ fún mi, kò yí ẹyọ kan padà. Àwọn ọmọ la ẹnu sílẹ̀. Mo rí i pé bí èmi náà ṣe máa ń wò ó nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ojú irin ṣe fẹ̀ tó?"

Bàbá mi wò mí. Ó ní, "Ẹ bi mísì yín. Òun ló wọ̀n ọ́n."

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó ń yẹ́ ọmọ rẹ̀ sí ni. Mo ní, "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀."

"Mísì, mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀ lẹ kọ fún wa níjọ́sí."

"Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn," mo ní. "Irọ́ ni."

Bàbá mi jókòó. Nígbà tí ètò parí, kò dúró dè mí ká jọ lọ sílé.

Kí sáà yẹn tó parí, mo bèèrè pé kí wọ́n gbé mi lọ sí iléèwé mìíràn ní Olúpọ̀nnà, mo sì gba yàrá síbẹ̀. Ìyá mi sunkún, ó ní mo ń tú ilé òun ká. Mo ní ilé náà ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi dé, mo lọ sí Òṣogbo. Mo bèèrè àwọn ọmọ Onípákó títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ní imú bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ó jù mí lọ. Kí n tó sọ ẹni tí mo jẹ́, ó ti fò dìde.

"Ṣé ìwọ ni àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà? Káàbọ̀ o! Bàbá ò ní ìtàn méjì ju tìrẹ lọ."

Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó dárúkọ mi fún un, ó dárúkọ àbúrò mi, ó bèèrè bóyá ara ìyá mi ti yá, nítorí ó gbọ́ pé ibà ṣe é lóṣù tó kọjá. Wọ́n mọ̀ wá, gbogbo wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti mọ̀ pé a wà ní Ìwó, wọ́n sì mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ mọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wọn.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ń pè mí ní ìyá ọkọ òun. Mo gbà á, mo mu ún. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.