Bí Oyèníran Ṣe Di Ọ̀gá Nínú Ìwé Owó Orí

Akọ̀wé tó ń ka ẹrù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ni Oyèníran, ní ilé iṣẹ́ kan ní Wharf Road, ní Àpápá. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Bó bá ka ẹgbẹ̀rún àpò sìmẹ́ńtì, tí ẹnì kan wá ní ó dín kan, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ àfi bí wọ́n bá tún un kà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n san owó oṣù kẹta ọdún 1976, kò tíì dé ẹnu géètì tó fi mọ̀ pé owó ọwọ́ òun ti pọ̀ jù.

Àádọ́rùn-ún náírà lowó oṣù rẹ̀. Wọ́n á yọ náírà mẹ́fà owó orí níbẹ̀, òun á sì kó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin relé. Àmọ́ àádọ́jọ ló bá nínú àpòòwé lọ́jọ́ yìí. Martins, akọ̀wé tó ń ṣètò owó oṣù, ló ṣèèṣì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí owó sì ṣe di ọgọ́sàn-án, owó orí náà bá a fò sókè, ó di ọgbọ̀n náírà.

Ejiro tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà ní Ajégúnlẹ̀ gbà á nímọ̀ràn wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Bros, if company no talk, you sef no talk.” Ṣùgbọ́n Sàfíátù, ìyàwó Oyèníran, ní kó tètè lọ dá a padà, kí wọ́n má baà pè é lólè.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó náírà mẹ́rìndínláàádọ́rin tó lé lọ fún Martins. Inú Martins ò dùn, torí olóòótọ́ èèyàn a máa dá iṣẹ́ síni lọ́rùn. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Sylvester, akáńtáǹtì àgbà. Sylvester ka owó náà, ó ní kò pé. Oyèníran ṣàlàyé pé mẹ́rìnlélógún tó kù ti bá owó orí lọ, kò dé ọwọ́ òun rí. Sylvester gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún ló jáde ní ọ́fíìsì yìí,” ló wí, “àádọ́rùn-ún náà ló gbọ́dọ̀ wọlé. Lọ gba ìyókù lọ́wọ́ ìjọba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ.”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Oyèníran lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ jẹun. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì jẹun tán. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti jẹun, àmọ́ wọn ò rí fáìlì. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan tó ń jẹ́ Uzoamaka ṣí fáìlì náà, ó wojú Oyèníran bí ẹni wo ọ̀daràn. Ó ní ẹni tó ń gba ọgọ́sàn-án náírà, kí ló dé tó fi san mẹ́fà péré ní oṣù kìíní àti ìkejì? Ó ṣírò rẹ̀, ó ní ó jẹ ìjọba ní náírà méjìdínláàádọ́ta. Oyèníran bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

“Bàbá,” ni Uzoamaka wí, “ìwé yìí ní òǹtẹ̀. Ẹnu yín ò ní.”

Ó wá fún un ní ẹ̀dà ìwé náà, pé kó lọ fi wá owó.

Bó ṣe ń rìn bọ̀ ní Liverpool Road, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta: ọgọ́sàn-án náírà ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ń gbà lóṣù. Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ inú tún ń bí i. Ní ilé iṣẹ́ wọn, ẹni tí owó rẹ̀ bá ti kọjá àádọ́jọ, ọ̀gá ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọ yàrá tí àwọn ọ̀gá ti ń jẹun. Tonbra tó ń gbé oúnjẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó ṣìnà. Oyèníran na ìwé sí i. Tonbra wo òǹtẹ̀ náà, ó fa àga fún un. Oyèníran ti jẹ ìrẹsì dé ìdajì, ó sì ń kọjú sí itan adìyẹ, kí Sylvester tó wọlé.

“Kí lò ń ṣe níbí?”

“Mò ń jẹun ọ̀sán ni, sà. Ìjọba ní ọgọ́sàn-án ni mò ń gbà. Mo ti kọ̀wé béèrè owó ilé tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá pẹ̀lú, láti oṣù kìíní.”

Máníjà pátápátá, tó jókòó sí ìkángun tábìlì, gba ìwé náà, ó kà á, ó wá béèrè lọ́wọ́ Sylvester pé ta ló fi iye yẹn ránṣẹ́ síjọba. Sylvester ní àwọn ni.

Ohun tí kò ṣeé ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ṣeé ṣe ní wákàtí méjì. Martins tẹ lẹ́tà, Sylvester buwọ́ lù ú, wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ. Uzoamaka rí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́, ó gbà pé àṣìṣe ni. Wọ́n fẹnu kò pé kí ilé iṣẹ́ má fi owó orí Oyèníran ránṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, títí mẹ́rìnlélógún náà yóò fi pé. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ méjìdínláàádọ́ta mọ́.

Ìgbà náà ló tó sọ fún Sàfíátù bí òun ṣe lọ jẹun láàárín àwọn ọ̀gá. Sàfíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó wá béèrè bóyá adìyẹ àwọn ọ̀gá dùn ju tilé lọ. Oyèníran ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó.

Nígbà tí oṣù parí, owó rẹ̀ dín ní náírà kan àti ogún kọ́bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé owó oúnjẹ ọ̀gá ni. Oyèníran tún owó náà kà, ó kó o sápò, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí oúnjẹ tiẹ̀, ó jẹ ẹ́ lóòótọ́.